Ta Ni Ó Ni Oríkèé? Ìtàn Búlọ́ọ̀kù Onígi fún Ọmọdé láti Bad Blankenburg dé Billund

Ìfáárà

Ohun ìṣeré tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí kò ju ègé igi lọ. Ọmọ ọdún méjì lè gbé e rìn; ọmọ ọdún márùn-ún lè fi kọ́ ilé alájà, afárá àti ọgbà ẹran. Ọ̀nà méjì ni àwọn ègé igi bẹ́ẹ̀ ń gbà dúró. Ọ̀nà kìíní ni kí a kàn tò wọ́n lé ara wọn, kí ìwúwo wọn àti bí a ṣe tò wọ́n gbé wọn ró. Irú èyí ni mo pè ní búlọ́ọ̀kù àtòlé. Ọ̀nà kejì ni kí ihò, èèkàn tàbí ojú tí a gé sí wọn lára mú ọ̀kan mọ́ èkejì. Irú èyí ni mo pè ní búlọ́ọ̀kù àsopọ̀. Ibi tí igi méjì ti pàdé ni mo ń pè ní oríkèé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ibi tí egungun méjì ti pàdé lára ènìyàn.

A sábà máa ń sọ ìtàn ohun ìṣeré yìí bí ìtàn ìlọsíwájú. Wọ́n á ní àtòlé ni ó kọ́kọ́ dé. Ó ń wó. Àwọn ọlọ́gbọ́n wá ronú kan oríkèé, ilé ọmọdé sì dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn náà ni ike gba ipò igi. Èrò mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé àlàyé yìí fi ohun tó ṣe pàtàkì jù pamọ́. Bí a bá tọpinpin ìtàn náà láti ọdún 1837 títí dé ọdún 1960, a óò rí i pé ìbéèrè kan ni ó ń jẹyọ lábẹ́ gbogbo rẹ̀: ta ni ó ni oríkèé? Ṣé ọmọ tó ń kọ́lé ni yóò pinnu bí igi méjì ṣe máa pàdé, tàbí àgbà tó ṣe igi náà ti pinnu rẹ̀ kí àpótí tó ṣí? Ìbéèrè náà kan àwa tí a ń kọ́ni lédè Yorùbá pẹ̀lú, a óò sì padà sí i kí iṣẹ́ yìí tó parí.

Àpótí Froebel

Kí ó tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Yúróòpù ti ń ro ipa tí ohun ìṣeré lè kó nínú ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1693, John Locke dámọ̀ràn pé kí a lẹ lẹ́tà mọ́ ohun ìṣeré tó rí bí ọmọ ayò, kí ọmọ lè mọ ìwé kà láìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́. Ní ọdún 1798, Maria Edgeworth àti bàbá rẹ̀, Richard, fi orí kìíní ìwé wọn lórí ètò ẹ̀kọ́ jíròrò ohun ìṣeré. Wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu èyí tí ọmọ kàn ń wò lásán, tí kò lè fi ṣe ohunkóhun.

Friedrich Froebel ni ó sọ ègé igi di ètò ẹ̀kọ́ odindi. Ọmọ pásítọ̀ ni, a sì bí i ní ọdún 1782 ní Oberweissbach, ní agbègbè Thuringia nílẹ̀ Jámánì. Ìyá rẹ̀ kú kí ó tó pé ọmọ ọdún kan. Kí ó tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní Berlin lábẹ́ Christian Samuel Weiss, onímọ̀ nípa òkúta kírísítà, ìyẹn àwọn òkúta tí ẹ̀dá fúnra rẹ̀ mọ ní igun-igun. Ẹ̀kọ́ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó gbà pé òfin kan náà ni ó ń darí bí òkúta ṣe ń dàgbà, bí igi ṣe ń dàgbà àti bí ọmọ ènìyàn ṣe ń dàgbà, àti pé láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni òfin náà ti wá.

Ní ọdún 1837 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ọmọ kéékèèké ní Bad Blankenburg. Ní ọdún 1840 ni ó sọ ibẹ̀ ní Kindergarten, ọgbà àwọn ọmọdé. Ó ṣe ọ̀wọ́ ohun ìṣeré tí ó pè ní ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn kìíní jẹ́ bọ́ọ̀lù rírọ̀ mẹ́fà tí a fi òwú ìrun àgùntàn hun. Ẹ̀bùn kejì jẹ́ igi mẹ́ta: ọ̀kan rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, ọ̀kan rí bí agolo, ọ̀kan sì jẹ́ kúbù, ìyẹn igi tí ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba bíi ti ọmọ ayò lúdò. Láti orí ẹ̀kẹta ni búlọ́ọ̀kù gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ kúbù kan tí a pín sí kúbù kéékèèké 8. Ẹ̀kẹrin náà jẹ́ kúbù tí a pín sí ègé 8, ṣùgbọ́n àwọn ègé wọ̀nyí gùn, wọ́n sì pẹlẹbẹ bíi bíríkì. Ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà tún ní ègé púpọ̀ ju ìwọ̀nyí lọ, a sì gé díẹ̀ nínú ti ẹ̀karùn-ún láti igun dé igun.

Kò sí ihò tàbí èèkàn lára ìkankan nínú wọn. Àtòlé ni wọ́n. Síbẹ̀, ọmọ kò ní òmìnira tí a lè rò pé ó ní. Olùkọ́ yóò dojú àpótí dé orí tábìlì, yóò fa ìdérí rẹ̀ yọ, yóò sì gbé àpótí náà sókè kí ọmọ lè kọ́kọ́ rí kúbù náà ní odindi. Ọmọ gbọ́dọ̀ lo gbogbo ègé tó wà níwájú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ọ̀kan kù. Kò gbọdọ̀ wó èyí tó kọ́ tẹ́lẹ̀ kí ó tó kọ́ òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa sún ègé kan sí ibòmíràn títí àga yóò fi di àtẹ̀gùn, tí àtẹ̀gùn yóò sì di ẹnu-ọ̀nà. Nígbà tí eré bá parí, gbogbo ègé yóò padà di kúbù odindi, wọn yóò sì padà sínú àpótí. Ọ̀nà mẹ́ta ni Froebel pín ohun tí ọmọ lè kọ́ sí: àwòrán ohun tó wà nínú ìgbésí ayé, àwòrán ìmọ̀ tó jẹ mọ́ ìṣirò, àti àwòrán ẹwà.

A rí i nígbà náà pé ti Froebel ni oríkèé, bí kò tilẹ̀ sí ihò kankan lára igi rẹ̀. Inú òfin eré ni ó gbé e pamọ́ sí.

Hóró erèé tí a rẹ sómi

Síbẹ̀, Froebel yìí kan náà ni ó fi oríkèé lé ọmọ lọ́wọ́, nínú iṣẹ́ ọwọ́ kan tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà mọ́ ìtàn búlọ́ọ̀kù. Wọn á rẹ hóró erèé sínú omi títí yóò fi rọ̀. Wọn á fún ọmọ ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ọmọ á gún igi náà bọ inú erèé, á gún òmíràn sí i láti ẹ̀gbẹ́, á sì máa bá a lọ títí ilé onígi tẹ́ẹ́rẹ́ yóò fi dìde. Nígbà tí erèé náà bá gbẹ, á mú igi wọn pinpin.

Kí ni ó mú èyí yàtọ̀? Kò sí ihò tí a ti lu sílẹ̀ de ọmọ. Ibi tó bá wù ú ni ó ti lè gún un, bí ó bá sì ṣe fẹ́ kí igi náà dà ni yóò ṣe dà. Bí kò bá dúró, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wádìí ìdí rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1899, ọmọ kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa ṣe iṣẹ́ erèé yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ yòókù ń ṣe àpótí onígun mẹ́rin nítorí bẹ́ẹ̀ ni ilé tí wọ́n ń rí ṣe rí. Ọmọ yìí kò rí ilé kedere, nítorí náà ọwọ́ ni ó fi ń wádìí èyí tó dúró àti èyí tó ń mì. Ìgun mẹ́ta ni ó bá a pé ó dúró. Buckminster Fuller ni ọmọ náà, ó sì sọ ìtàn yìí fúnra rẹ̀ nígbà tó di gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́ onígun mẹ́ta-mẹ́ta.

Ìṣòro òṣèlú ni ó kọ́kọ́ dá iṣẹ́ Froebel dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1851, ìjọba Prussia fòfin de Kindergarten. Ó fẹ̀sùn àìgbọlọ́rungbọ́ àti ìjọba-alájùmọ̀ní kàn án, ó sì da iṣẹ́ Friedrich pọ̀ mọ́ ti Karl Froebel, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Froebel kú ní ọdún 1852 nígbà tí òfin náà ṣì wà. Ọdún 1860 ni wọ́n tó gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ àti àwọn ará Jámánì tó ṣí kúrò nílé ti gbé e sọdá òkun. Ní ọdún 1856, Margarethe Schurz ṣí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Watertown, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, èdè Jámánì ni ó sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọdún 1876, a ti pàtẹ àwọn ẹ̀bùn náà níbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Philadelphia.

Caroline Pratt àti ẹ̀kọ́ ìwúwo

Ní Amẹ́ríkà ni àwọn olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè bóyá kì í ṣe pé òfin Froebel ti wúwo ju igi rẹ̀ lọ. Patty Smith Hill, tó ń kọ́ni ní Teachers College ní New York, ṣe búlọ́ọ̀kù ńláńlá tí ọmọ lè fi kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ lè wọ̀. Búlọ́ọ̀kù àsopọ̀ ni, nítorí ilé tí ọmọ yóò wọ̀ kò gbọdọ̀ wó lé e lórí. Caroline Pratt rí àwọn búlọ́ọ̀kù yìí lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì wú u lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Greenwich Village ní New York ní ọdún 1914, ó yan ọ̀nà mìíràn.

Pratt mọ iṣẹ́ igi. Ó ti kọ́ ọ, ó sì ti fi kọ́ni. Búlọ́ọ̀kù tó ṣe kò ní àwọ̀ tàbí lẹ́tà lára, kò sì ní ihò. Èyí tó jẹ́ òṣùwọ̀n fún àwọn yòókù ga ní ínṣì 1⅜, ó fẹ̀ ní 2¾, ó sì gùn ní 5½. Gíga rẹ̀ jẹ́ ìlàjì fífẹ̀ rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlàjì gígùn rẹ̀. Ìlàjì rẹ̀ wà, ìlọ́po méjì àti ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ náà sì wà. Ọmọ tí búlọ́ọ̀kù gígùn bá tán lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣàwárí pé kúkúrú méjì lè dípò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìlàjì fún un. Pratt kò sì ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà mọ́ ọn. Ohun tí ọmọ bá rí lójú pópó, ní èbúté àti nídìí ọkọ̀ ojú irin ni yóò padà wá fi igi kọ́.

Ní ọdún 1933, Harriet Johnson, tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní New York, ṣe àkọsílẹ̀ bí ọmọ ṣe ń lo irú búlọ́ọ̀kù yìí bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ sókè. Ọmọ kò kọ́kọ́ ń kọ́ nǹkan kan. Ńṣe ni ó ń gbé igi káàkiri. Lẹ́yìn náà ni yóò tò wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ tàbí kí ó tò wọ́n lé ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé ọ̀kan dábùú orí méjì bí afárá, tí yóò sì fi igi yí àyè kan ká bí ọgbà. Ìgbà tó bá yá ni àwòrán tó bára mu yóò wọ inú rẹ̀, ọmọ yóò sì máa sọ ilé ní orúkọ. Ìgbẹ̀yìn ni ó máa ń fi igi kọ́ ohun tó ti rí rí.

Gbogbo ìpele yìí ni igi ń wó, wíwó náà sì wà lára ẹ̀kọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tí ilé rẹ̀ wó kì í bi ara rẹ̀ pé ta ni ó ń wo òun. Ibi tí yóò gbé igi tó kàn sí ni ó ń wò. Oríkèé búlọ́ọ̀kù Pratt jẹ́ ibi tí ìwúwo méjì ti pàdé, ọmọ ni ó sì ń pinnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn oníhò àti eléèkàn

Ní àkókò kan náà ni àwọn kan ń wo wíwó gẹ́gẹ́ bí àléébù tó yẹ kí a tún ṣe. Johann Korbuly, ẹnjiníà kan ní Vienna, ni ó hùmọ̀ Matador ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ilé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ń wó jù. Ó lu ihò sí ara búlọ́ọ̀kù, ó sì ṣe èèkàn igi kéékèèké tí ọmọ yóò fi òòlù gbá wọ inú ihò náà. Pẹ̀lú èyí, ohun tó ń yí lè wọ eré: kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ ìgbẹ́rùsókè, ọkọ̀. Àtòlé kò lè ṣe èyí láéláé, nítorí ohun tí ìwúwo nìkan gbé ró kò ṣeé gbé rìn.

Ní Amẹ́ríkà, Charles Pajeau, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbẹ́ òkúta ojú oórì ní Evanston, ní ìpínlẹ̀ Illinois, wo àwọn ọmọ tó ń fi igi àti kẹ̀kẹ́ òwú ìránṣọ ṣeré. Láti inú èyí ni Tinkertoy ti jáde ní ọdún 1914: igi róbótó pẹlẹbẹ kan tó ní ihò 8 yí etí rẹ̀ ká àti ọ̀kan láàárín, pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọ yóò máa kì bọ inú ihò náà. John Lloyd Wright, ọmọ ayàwòrán ilé tó ń jẹ́ Frank Lloyd Wright, gé ojú sí ìpẹ̀kun igi gbọọrọ kéékèèké kí ọ̀kan lè jókòó sínú èkejì. Lincoln Logs ni ó pè é, ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 1920. Froebel ti wọ ilé yìí tẹ́lẹ̀: Frank fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé àwọn ẹ̀bùn tí ìyá òun rí ní Philadelphia ní ọdún 1876 ni ó kọ́ òun ní ilé yíyà.

Kò tọ́ kí a fojú kéré ohun tí àwọn wọ̀nyí ṣe. Àsopọ̀ fún ọmọ ní ohun tó ń rìn àti ohun tó ń yí, ó sì fún un ní ilé tí àbúrò rẹ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ kan wó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó ni oríkèé. Ihò 8 ti Pajeau ti pinnu igun tí ọ̀pá lè gbà jáde. Ojú tí Wright gé sí igi ti pinnu pé ilé onígi gbọọrọ ti àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ ni ọmọ yóò kọ́. Èyí kò rí bíi hóró erèé, tí kò ní ihò kankan títí ọmọ yóò fi gún un. Ìdí mìíràn sì tún wà: òwò. Kò ṣòro fún káfíńtà kankan láti gé búlọ́ọ̀kù Pratt, òun fúnra rẹ̀ kò sì gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ lé e lórí. Oríkèé àkànṣe ni a lè fi òfin dáàbò bò, òun náà ni ó sì ń mú kí òbí padà wá ra àpótí kejì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà.

Iná ní Billund

Àpẹẹrẹ tó lágbára jù lórí èyí wá láti Dẹ́nmáàkì. Káfíńtà ni Ole Kirk Kristiansen ní abúlé Billund. Nígbà tí ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe ohun ìṣeré ní ọdún 1932, ó sì sọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní LEGO ní ọdún 1934. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó ra ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike sínú òǹtẹ̀. Ó rí bíríkì ike tí Hilary Page, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ṣe, ó sì gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1949. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1958, Godtfred ọmọ rẹ̀ béèrè fún ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ lórí bíríkì tó ní ọ̀pá oníhò nínú ikùn rẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ọ̀kan di èkejì mú ṣinṣin.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ohun ìṣeré onígi kò tíì kúrò ní Billund. Ní oṣù kejì ọdún 1960 ni iná jó ibi tí wọ́n ń kó ohun ìṣeré onígi sí. Ilé-iṣẹ́ náà pinnu pé òun kò ní ṣe ohun ìṣeré onígi mọ́. Kò sí ìwádìí kankan lórí ọmọdé tó ṣáájú ìpinnu yìí. Ìṣirò òwò àti iná ni ó fà á. Gbogbo ẹbí kò sì gbà bẹ́ẹ̀: méjì nínú àwọn arákùnrin Godtfred kúrò ní ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì tẹ̀síwájú pẹ̀lú Bilofix, ohun ìṣeré onígi tó ní ihò, tí ọmọ ń fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì ike dè pọ̀. Igi àsopọ̀ kò kú nígbà náà, kò sì tíì kú lónìí. Ẹni tó bá sọ pé ike borí igi nítorí pé ó sàn fún ọmọ ní láti ṣàlàyé ibi tí iná náà wọ̀.

Jẹ́léósinmi

Orúkọ tí àwa Yorùbá sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké yẹ fún àgbéyẹ̀wò níbi yìí. Froebel pè é ní ọgbà àwọn ọmọdé: ọmọ ni orúkọ náà ń wò. Àwa pè é ní jẹ́léósinmi: àwọn tó wà nílé ni orúkọ tiwa ń wò, àwọn tí ariwo ọmọ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Mi ò sọ èyí láti fi orúkọ wa ṣẹ̀sín. Mo gbà pé òtítọ́ ni orúkọ náà sọ. Ìtàn tí a sọ bọ̀ fi hàn pé àgbà ni ó ń pinnu búlọ́ọ̀kù nígbà gbogbo: ẹ̀sìn Froebel, òwò Pajeau, iná Billund. Jẹ́léósinmi kàn sọ ọ́ jáde ni.

Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà lórí Ètò Ẹ̀kọ́, tí a kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1977, sọ pé kí a fi eré kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ nọ́ńbà, lẹ́tà, àwọ̀ àti bí nǹkan ṣe rí. Ó sì sọ nígbà náà pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi kọ́ wọn. Àwọn gbólóhùn méjèèjì yìí pàdé lórí búlọ́ọ̀kù. Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Bàbátúndé Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti ọdún 1970, ti fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ró ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìpele tó ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Ọmọ tó fi búlọ́ọ̀kù kúkúrú méjì dípò gígùn kan ti mọ ìlàjì kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí olùkọ́ bá sọ ọ́ fún un ní Yorùbá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìmọ̀ ọwọ́ yóò di ìmọ̀ ẹnu. Ọ̀rọ̀ wà fún un: tò, gbé ró, dábùú, gbè, yẹ̀, wó, ìlàjì, ìdajì, ìlọ́po.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí kò sọ pé àtòlé dára, àsopọ̀ burú. Ohun tí ìtàn fi kọ́ wa ni pé irú méjèèjì lè jẹ́ ti ọmọ, méjèèjì sì lè jẹ́ ti àgbà. Àtòlé Froebel kò ní oríkèé kankan, síbẹ̀ òfin dè é. Erèé rẹ̀ jẹ́ àsopọ̀, síbẹ̀ òmìnira kún inú rẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tàbí òbí tó fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù kò gbọdọ̀ dúró lórí bóyá ó ń wó tàbí kò wó. Kí ó mú ègé méjì, kí ó sì ka iye ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pàdé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ẹni tó ṣe é ti ṣeré náà tán. Bí ọ̀nà bá pọ̀ débi pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò lè kà wọ́n tán, kí ó gbé e fún ọmọ. Ṣùgbọ́n káfíńtà kan ládùúgbò lè gé búlọ́ọ̀kù Pratt láti ara igi tó bá ṣẹ́kù nílé iṣẹ́ rẹ̀, bí a bá fún un ní òṣùwọ̀n mẹ́ta: 1⅜, 2¾, 5½. Kí ó fi yanrìn fá etí wọn kí wọ́n má bàa gún ọmọ lọ́wọ́, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ láìlu ihò kankan sí wọn.